Lẹ́tà sí Màmá Christiane Taubira: Òfin Yín Kò Dárúkọ Ilẹ̀ Wa

Sí Màmá Christiane Taubira, ọmọ bíbí ìlú Cayenne, mínísítà fún ètò ìdájọ́ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀.

Màmá,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí ó yẹ kí àwọn ará ilé mi gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ; ó kàn wọ́n bó ṣe kàn yín, bóyá ó tilẹ̀ kàn wọ́n jù yín lọ. Bí ẹnì kan bá bá mi túmọ̀ rẹ̀ kó lè dé etí yín, màá dúpẹ́.

Ẹjọ́ ni mo mú wá. Lórí òfin ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni, èyí tí gbogbo ilẹ̀ Faransé ń fi orúkọ yín pè. Òfin náà kò gùn, abala márùn-ún péré ni. Abala àkọ́kọ́ kéde pé òwò ẹrú orí òkun Atlantic àti ti òkun India, àti oko ẹrú fúnra rẹ̀, láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún wá, jẹ́ ìwà ọ̀daràn sí ọmọ aráyé lápapọ̀. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n hu ìwà náà sí: àwọn ènìyàn Áfíríkà, àwọn tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ará Madagascar àti àwọn ará India. Ó sì dárúkọ ibi tí wọ́n ti hù ú: ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn erékùṣù Caribbean, òkun India, àti Yúróòpù.

Màmá, Áfíríkà dà níbẹ̀? Òfin gbà pé àwa ni wọ́n ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di ibi tí wọ́n ti dá ọ̀ràn, wọn ò rí ilẹ̀ wa dárúkọ. Àfi bí ẹni pé ọkọ̀ kàn gúnlẹ̀ sí etí òkun wa, tí àwọn ènìyàn wa sì ń já bọ́ sínú rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa ka èyí ní Ìbàdàn, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní London kò mọ ẹni tí mo ń bá rojọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn ná, kí wọ́n má baà rò pé ọmọ kékeré kan kàn ń bú àgbàlagbà.

Guyane ni wọ́n ti bí yín, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1952. Ẹ̀gbẹ́ Brazil ni ilẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n Faransé ló ni ín títí dòní, owó euro ni wọ́n sì fi ń ra ẹja lọ́jà Cayenne. Ọdún 1848 ni Faransé tó dá ẹrú sílẹ̀ pátápátá. Ìyẹn ni pé nígbà tí wọ́n ń sọ yín lórúkọ, ọdún 104 péré ló ti kọjá. Ìyá yín, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ló dá tọ́ ẹ̀yin àti àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín. Ẹ lọ kàwé nípa ètò ọrọ̀ ajé ní Paris. Nígbà tí ẹ padà délé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kí Guyane gba òmìnira ni ẹ dúró sí. Ẹni tó ń wá òmìnira lọ́wọ́ Faransé ló padà wá di ẹni tó ń di èdìdì ìdájọ́ Faransé mú. Àwọn kan pè é ní àgàbàgebè. Lójú tèmi, ẹ ti rí i pé ìlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ìta, ó ṣeé ṣe kéèyàn ṣí i láti inú.

Ọdún 1993 ni wọ́n dìbò yín wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris, lẹ́yìn tí ẹ̀yin àti àwọn ojúgbà yín ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú Walwari sílẹ̀ nílé. Láti 1994 sí 1999, ẹ tún jókòó ní ilé aṣòfin Yúróòpù. Ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1999 ni ẹ wá dìde níwájú àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ yín láti gbèjà àbá òfin tí à ń wí yìí. Ó gbà tó ọdún méjì kí àwọn ilé aṣòfin méjèèjì tó fẹnu kò. Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2001 ni ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i kẹ́yìn, ọjọ́ yẹn náà sì ni Ààrẹ Chirac mú ní 2006 fún ìrántí lọ́dọọdún.

Ohun kan wà nínú àbá àkọ́kọ́ yín tí kò dé ìdí òfin. Ẹ fẹ́ kí wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò díwọ̀n ohun tí òwò náà bàjẹ́, tí yóò sì wo bí wọ́n ṣe lè tún un ṣe. Wọ́n gé e dànù. Faransé yìí kan náà ló ṣòfin ní oṣù kẹrin ọdún 1849 láti san owó gbà-má-bínú fún àwọn olówó ẹrú nítorí pé wọ́n gba ẹrú lọ́wọ́ wọn; kò sí ẹrú tó fojú kan kọ́bọ̀ nínú owó náà. Haiti tilẹ̀ burú jù. Àwọn ẹrú ibẹ̀ ló fi ogun gba ara wọn, síbẹ̀ ní 1825 Faransé ní kí wọ́n san 150 mílíọ̀nù franc kí wọ́n tó ka orílẹ̀-èdè wọn sí òmìnira. Ní ti èyí, Màmá, ẹ̀yìn yín ni mo wà gbágbáágbá.

Ọ̀rọ̀ ìbò 2002 kò tó nǹkan tí à bá máa sọ títí, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó tán. Ẹ jáde dupò ààrẹ, ẹ̀yin ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Faransé. Ẹ rí ìbò tó lé ní 660,000, ìyẹn 2.32 nínú ọgọ́rùn-ún. Jean-Marie Le Pen, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tako àwọn àjèjì, fi nǹkan bí 195,000 ìbò ta Lionel Jospin yọ, olórí ìjọba ìgbà náà tó jẹ́ ti apá òsì bíi tiyín; Le Pen ló bá Chirac wọ ìpele kejì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ pé Taubira ló ba ti Jospin jẹ́. Àwọn olùdíje 16 ló wà nínú ìbò yẹn o! Jean-Pierre Chevènement, tí òun náà ti ṣe mínísítà lábẹ́ Jospin, kó ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ, ìlọ́po méjì tiyín àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n ń nàka sí? Ẹ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Oṣù karùn-ún 2012 ni Ààrẹ François Hollande fi yín ṣe mínísítà ètò ìdájọ́. Ẹ̀yin lẹ gbé òfin ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, obìnrin àti obìnrin, lọ sílé aṣòfin. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ilé mi ò ní bá yín lọ́wọ́ sí i, mi ò sì wá ja ìjà yẹn lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí bí ẹ ṣe dúró lórí ọ̀rọ̀ yín lóru àti lọ́sàn-án, tí ẹ ń da ewì ọmọ ìlú yín láti Cayenne bo àwọn alátakò lójú, á mọ̀ pé ọmọ tó mọ ohùn ẹnu lò ni yín. Níbi tiwa, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ là bá pè yín, a ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Èébú tó tẹ̀lé e ni mi ò lè gbàgbé. Oṣù kẹwàá 2013, ẹ lọ sí ìlú Angers. Àwọn kan ń fẹ̀hónú hàn níbẹ̀, wọ́n kó ọmọ dání. Ọmọdé kan mú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, ó ń pè yín ní ọ̀bọ, ó ní kí ẹ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Ọmọdé o. Ẹnì kan ló kọ́ ọ nílé. Oṣù tó tẹ̀lé e, ìwé ìròyìn kan gbé irú ọ̀rọ̀ kan náà sójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ̀yin náà sọ ọ́ nígbà yẹn pé kò sí ohùn ńlá kan tó dìde láti kìlọ̀ fún ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí mo rí èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lóye ìdí tí ẹ fi ṣọ́ra nínú òfin yín. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀bọ lójú títì kò ní fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó òkò fún àwọn tó ń sọ ọ́ lókò.

Bí ẹ ṣe kúrò nípò ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yín. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kọkànlá 2015 tó gba ẹ̀mí 130 ènìyàn ní Paris àti agbègbè rẹ̀, Hollande ní òun fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé òfin àgbà pé wọ́n lè gba ìwé ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ apániláyà tó ní orílẹ̀-èdè méjì, ìbáà jẹ́ ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bí i. Ẹ ní ẹ ò bá wọn lọ́wọ́ sí i: ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé kan, irú ìyá tàbí baba tó ní kò lè sọ ọ́ di ọmọ ìdajì. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2016, ẹ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ ní ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé dídúró ni àtakò, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé lílọ ni. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ yín jáde kúrò ní ọ́fíìsì. Níbi tiwa, mínísítà tí wọ́n lé dànù gan-an á ṣì fẹ́ mú ọkọ̀ ìjọba lọ! Kí oṣù kẹta tó parí, Hollande fúnra rẹ̀ ti ká àbá náà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbò 2022, ìgbà tí ìbuwọ́lù àwọn aṣojú ìlú fún yín kò pé 500 tí òfin béèrè lọ́wọ́ olùdíje, tí ẹ fi yọwọ́ ní oṣù kẹta, ẹ jẹ́ á fi sílẹ̀.

Ó yá, ẹjọ́ mi.

Mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Ẹ máa ní Faransé ló ṣòfin, ọ̀ràn Faransé ni Faransé sì lè jẹ́wọ́. Kò sí aṣòfin kan ní Paris tó láṣẹ láti dá ẹjọ́ Aláàfin. Ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni òfin yín ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ta ló ń ra ènìyàn létí òkun wa nígbà yẹn? Àwọn Potogí ni, Faransé ò tíì débẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òfin náà kà mọ́ ọn, títí kan Brazil àti Cuba, tí kì í ṣe ti Faransé. Ẹ ti dá ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, Màmá. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹ fò.

Ohùn yín kejì, mo ti kà á nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí ẹ ṣe ní 2006. Wọ́n bi yín léèrè ìdí tí òfin kò fi mẹ́nu ba òwò ẹrú tí àwọn Lárúbáwá ṣe. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ Lárúbáwá tó wà ní Faransé gbé gbogbo ẹrù ìwà àwọn baba ńlá wọn sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìyá ni, ó sì tutù. Ó jọ pé irú àánú bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fún àwa náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ sọ ní abala kejì pé kí ilé ẹ̀kọ́ fún ìtàn yìí ní àyè tó tọ́ sí i, ẹ̀wo ni kí olùkọ́ kọ́ ọmọ nígbà tí wọ́n bá béèrè pé ta ló mú ẹrú dé etí omi?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ jẹ́ kí n mú un sọ́wọ́ yín kí ẹ wò ó dáadáa.

Ní 1821, wọ́n kógun ja Òṣoògùn. Àárọ̀ ni, wọ́n ń gbọ́únjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí wà lára àwọn tí wọ́n kó, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló padà kọ ìtàn náà sílẹ̀ nígbà tó ti di Samuel Ajayi Crowther. Ó ní Fúlàní wà nínú àwọn tó wá, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ náà wà níbẹ̀. Ọ̀yọ́! Àwọn tó gbọ́ èdè tí ìyá rẹ̀ fi ń sunkún. Wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní Ìṣẹ́yìn, wọ́n fi ẹṣin gba pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá a padà, wọ́n sì gba ọmọ náà padà. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, títí tí tábà àti ọtí líle fi di owó orí rẹ̀. Kó tó kan òyìnbó Potogí kankan ní Èkó, ó ti tó ìgbà mélòó kan tí ọmọ Yorùbá ti tà á fún ọmọ Yorùbá. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gba ọkọ̀ tó gbé e ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822.

Ẹ lè ní Potogí nìyẹn, kì í ṣe Faransé. Ó dáa. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí, Àjàṣẹ́ tí ẹ̀yin ń pè ní Porto-Novo ni èbúté tí Ọ̀yọ́ ń gbé ẹrú gbà jù, àwọn ọkọ̀ Faransé sì wà nínú àwọn tó ń gúnlẹ̀ síbẹ̀. Saint-Domingue, tó di Haiti, ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Títí dòní, nínú ẹ̀sìn àwọn ará Haiti, Ogou wà níbẹ̀, Ògún wa náà ni. Aláàfin ni wọ́n ń kì ní ọba tí ayé rẹ̀ tù, tí ọrọ̀ pọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ń kì í bi ara rẹ̀ pé níbo ni ọrọ̀ náà ti wá.

Bí ẹ bá wá sí Àgbádárìgì, wọ́n máa fẹ́ gbé yín sọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, ibi tí ẹni tó bá kọjá kì í padà. Ẹ lọ, ó yẹ kí ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ yà sí ilé Sẹ̀ríkí Abass tó wà nínú ìlú. Ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀gbádò ni, wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, wọ́n kó o dé Brazil, ó sì padà wálé. Nígbà tó padà wá, kí ló fi ṣiṣẹ́? Òwò ẹrú. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ibẹ̀ á sọ fún yín pé yàrá 40 ni wọ́n ń kó ènìyàn pa mọ́ sí. Wọ́n á tún fi agbòòrùn kan hàn yín, wọ́n á ní ènìyàn 40 ni wọ́n fi ń ra irú rẹ̀. Agbòòrùn, Màmá. Lórí ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí ewé kókò ò sì wọ́n.

Mi ò mọ abala òfin tí ọkùnrin yẹn lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni. Ẹni tó ṣẹ̀ ni. Òfin yín ti pèsè àyè fún ìdajì rẹ̀ kan ṣoṣo.

Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba o. Àwọn tó gbà á lérò láti fi ènìyàn ṣe ẹrù inú ọkọ̀, tí wọ́n kọ òfin sílẹ̀ ní 1685 pé ẹrú jẹ́ dúkìá, tí wọ́n fi àwọ̀ ara ṣe ìdí ìsìnrú dé ìran kẹwàá, tí ìlú èbúté Faransé bíi Nantes sì fi owó rẹ̀ kọ́ ilé alárànbarà, ẹjọ́ tiwọn wúwo ju ti ológun tó mú ìgbèkùn ní Òṣoògùn lọ. Nílé, ẹrú lè di ara ilé, ó lè fẹ́yàwó, àwọn mìíràn tilẹ̀ di olóyè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn tàn yín. Tí ìjà oyè bá dé lónìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n á kọ́kọ́ kẹ́lẹ́ sọ nípa ẹni tí wọn ò fẹ́ ni pé ọmọ ẹrú ni baba ńlá rẹ̀. Wọ́n ò ní sọ ẹni tó rà á. Àwọn àgbà ti rí i kí a tó dé: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ọmọ ni nílé ìyá rẹ̀ rí.

A ti ní ẹni tó gbìyànjú. Ní 1999, ọdún tí ẹ gbé àbá yín dé iwájú ilé, Ààrẹ Mathieu Kérékou ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó tọrọ àforíjì lórí ipa tí àwọn baba wa kó. Àwọn kan ní òṣèlú ló ń ṣe. Bóyá. Mélòó nínú àwọn ọba wa tó ti kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀ látìgbà náà? Nàìjíríà tilẹ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nílé ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi bí ẹni pé wọn ò fẹ́ kí a ní ẹni tó máa béèrè.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Mi ò ní kí ẹ tún òfin kọ. Àwọn tó wà ní ilé aṣòfin yín lónìí, tí a bá ṣí i fún wọn, mi ò mọ ohun tí wọ́n máa yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹnu yín ni mo fẹ́. Bí òyìnbó kan bá sọ pé Áfíríkà ta ọmọ rẹ̀, a mọ ohun tó fẹ́ fi bò mọ́lẹ̀. Bí èmi bá sọ ọ́ níhìn-ín, wọ́n á ní mo ń tú àṣírí ilé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n kó lọ, tí ẹ ti gba èébú ọ̀bọ nítorí wa, tí ẹ ti fi ipò ńlá sílẹ̀ nítorí pé ẹ ò fẹ́ pín ọmọ onílẹ̀ sí méjì, kò sẹ́ni tó lè sọ pé Faransé lẹ ń gbè lẹ́yìn. Lọ́jọ́ 10 oṣù karùn-ún tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá pé jọ sínú ọgbà Luxembourg ní Paris, ẹ sọ ọ́ fún wọn pé ọ̀nà Nantes gba Òṣoògùn kọjá. Ẹ dárúkọ ìlú náà, kí àwọn tó wà nílé lè gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí wọn ò lè pè ní ọ̀tá.

Bí ẹ bá sì kọ̀, ẹ kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́. Màá kà á fún àwọn ará ilé mi bí mo ṣe ka tèmi.

Èmi ni,
Ọmọ yín láti ilẹ̀ Yorùbá.